Ìgbátí Ọjọ́ Ìdánwò ní Ìbà

Àárọ̀ ni wọ́n máa ń lù wá ní ilé-ìwé tiwa l'Ọ̀jọ́, kí oòrùn tó gun orí igi àgbọn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé-ìwé lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́, ẹ óò rò pé àsọdùn ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, kí ẹ fúnra yín dá a lẹ́jọ́.

Tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì wa, Sítáńdáàdì Síìsì, jẹ́ ará òkè kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun, tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì máa ń gun orúnkún. Pàṣán rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Inú agolo omi iyọ̀ ló ń kì wọ́n sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n má baà gbẹ débi tí wọ́n á fi dá. Bí a bá ti kọrin ìwọlé tán, kò ní í jẹ́ ká jókòó. A ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò sì bẹ̀rẹ̀ mẹ́ńtà. Mẹ́ńtà ni ìṣirò tí a kì í fi ìwé ṣe. Inú orí ni wọ́n ti ń ṣe é, wéré bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́jú. Yóò bi ẹni àkọ́kọ́. Bí ìyẹn ò bá gbà á, yóò bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e, yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Ẹni tó gbà á yìí ni yóò wá padà sẹ́yìn, tí yóò fọ́ gbogbo àwọn tí kò gbà á létí, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni àkọ́kọ́. Tíṣà ò ní í fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wọ́n. Yóò fa pàṣán kan yọ nínú agolo, yóò dúró tì wọ́n, omi iyọ̀ á máa kán tótó sílẹ̀. Bí ìgbátí náà kò bá dún, ẹni tó gbá a ló ni pàṣán.

"Ìdánwò ìjọba ò mojú," ló máa ń wí. "Bí ojú bá ń tì yín láti gbá ara yín létí lónìí, ojú á tì yín n'Ìbà lọ́la."

Ìbà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo wa. Lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ Síìsì jọ sí láti Ọ̀jọ́ wa, láti Òkókómáíkò àti láti ìlú Ìbà fúnra rẹ̀, tí alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ yóò wá dán wọn wò nínú ìwé kíkà, díkítéṣọ̀n tí à ń pè ní àpèkọ, àti ìṣirò. Ìbéèrè kan náà ni fún ọmọ ọba àti ọmọ apẹja. Ẹni tó bá yege á gba sátífíkéètì. Ẹni tó bá kùnà á padà sídìí àwọ̀n.

Èmi ò ní àwọ̀n kankan tí mo fẹ́ padà sí, nítorí obìnrin ni mí. Ìbà náà ni wọ́n ti pèsè tèmi sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan níbẹ̀, tí ìyàwó méjì ti wà nílé rẹ̀, ti rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ mi lọ́wọ́ Bàámi. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé epo wá, wọ́n sì yìn mí bí ẹni ń yin ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà. Ìyá mi ló kúnlẹ̀ bẹ Bàámi pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìdánwò ná. Bàámi ronú títí, wọ́n ní, "Bó bá gba sátífíkéètì, n ó jẹ́ kó lọ sílé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà l'Ábẹ́òkúta. Bí kò bá gbà á, kó gba ọ̀nà Ìbà lọ, kó máa wo ibẹ̀ bí ilé ara rẹ̀." Ọ̀rọ̀ Bàámi kì í ṣe méjì. Gbogbo agboolé mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbé iṣu wá náà sì gbọ́.

Orí mi yá sí mẹ́ńtà. Ìdí àgbọn ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí èmi àti ìyá mi ti ń tajà fún àwọn Ẹ̀gùn tí kì í dúró de ẹni tó ń ka ìka. Ṣùgbọ́n orí yíyá yìí kò fún mi lọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n ni mò ń gbá létí láràárọ̀. Bí mo bá gbá wọn tán, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa ta mí títí di ìgbà tí a bá jáde jẹun. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ti Òkókómáíkò rìn wá sílé-ìwé wa lúgọ dè mí nídìí igbó ẹ̀gún. Wọ́n gbé mi ṣubú, wọ́n bu iyanrìn sí mi lẹ́nu, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́lẹ̀.

"Ọwọ́ náà nìyí! Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa! Ká wo ohun tí á fi gbáni létí lọ́la!"

Mo gé ọ̀kan nínú wọn ní ìka jẹ. Mi ò fi í sílẹ̀ títí eyín mi kan fi mì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbà á nínú mẹ́ńtà, ọmọ tí mo gé jẹ náà kò gbà á. Ó fi ìka tí wọ́n fi àkísà dì pamọ́ sẹ́yìn, ó di ojú, ó na ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí mi. Mo gbá a débi pé ó fi orí sọ ògiri. Bí a ṣe ń gbé ayé wa nìyẹn.

Ọdún náà gan-an ni àbúrò Bàámi padà sílé-ìwé.

Àbíkẹ́yìn ìyá wọn ni. Ọdún díẹ̀ péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹ́ àbúrò bàbá rẹ, bàbá rẹ ni, ì báà ṣe pé ó ṣì ń tọ̀ sí ẹní. Bàbá Kékeré ni mò ń pè wọ́n. Láàárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ń fọ aṣọ wọn. Bí wọ́n bá ń jẹun, mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọn yóò fi fọwọ́. Wọ́n ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti máa bá Bàámi lọ sí ọ̀sà. Apá wọn ti ki bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Wọ́n wá gbọ́ pé ìjọba ń gba ọlọ́pàá l'Ékòó, pé sátífíkéètì Síìsì ni ìjọba ń kọ́kọ́ béèrè. Ni wọ́n bá gbé àwọ̀n kọ́, wọ́n wọ ṣòkòtò kákí, wọ́n padà wá bá wa ní kíláàsì. Orúnkún wọn kì í wọ abẹ́ tábìlì.

Àárọ̀ kìíní tí wọ́n dé, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n tò sí.

"Mẹ́rìnlá lọ́nà mẹ́fà," ni Tíṣà wí.

Bàbá Kékeré gbójú sókè wo àjà. "Ọgọ́rin, sà."

"Ọgọ́rin àti kí ni?"

"Ọgọ́rin náà ni, sà. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fi pàṣán nà sí mi.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, sà," ni mo dáhùn, kí n tó rántí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ó yá, fún un ní tiẹ̀."

Mo bọ́ síwájú Bàbá Kékeré. Orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ó ṣe máa ń tẹ̀ láàárọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré, ẹ má bínú sí mi." Kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́, mo sì fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jẹ́jẹ́.

Tíṣà ní, "Eruku lo ń nù fún un ni?"

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ó ń bá wọn fá irùngbọ̀n ni, sà!"

N kò rí ọwọ́ Tíṣà nígbà tó ń bọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀, tí etí òsì mi ń hó bí ìkòkò àdín, tí itọ́ ẹnu mi sì dùn bí irin. "Bó ṣe ń dún nìyẹn," ó wí. "Dìde, kó o tún un ṣe."

Mo dìde. Mo tún un ṣe. Ó dún. Bàbá Kékeré ò wò mí lójú. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí mo dàgbà.

Ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Bàámi jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọn ò gbójú sókè.

"Ta lo gbá létí?"

"Bàámi, Tíṣà ló ní kí n..."

"Mo ní ta lo gbá létí?"

"Bàbá Kékeré ni, sà."

"Ṣé Tíṣà ló bí ọ?"

Okùn ọkọ̀ ló wà nítòsí, ó ṣì tutù, iyanrìn ṣì wà lára rẹ̀. Òun ni wọ́n fi lù mí. Wọ́n lù mí láti abẹ́ igi dé ìdí ààrò, láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi wá da ara bò mí, wọ́n sì gba tiwọn lẹ́yìn. Bàbá Kékeré jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń fi àdá la àgbọn. Gbogbo ìgbà tí okùn bá dún lára mi, àdá náà á dún lára àgbọn. Ìgbà tí wọ́n la àgbọn náà tán ni wọ́n tó wí pé:

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbọ́."

Bàámi ju okùn sílẹ̀. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi gbọ́ o. Bí ọwọ́ ọmọ yìí bá tún kan ojú àbúrò mi, ìdánwò ò, sátífíkéètì ò, Ìbà ló ń lọ. Mo ti sọ ọ́."

Ẹ wo bí ọ̀ràn mi ṣe wá rí. Nílé-ìwé, Tíṣà ti sọ pé ẹni tí kò bá lè gbá ẹgbẹ́ rẹ̀ létí kò ní í bá òun dé Ìbà, nítorí òun ò ní í kó ojo lọ ba orúkọ òun jẹ́. Nílé, Bàámi ní bí mo bá gbá àbúrò àwọn, mo ti di ìyàwó. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún mi: bí Bàbá Kékeré bá ti kùnà, kí èmi náà kùnà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Tíṣà á bi Bàbá Kékeré, wọn ò ní í gbà á. Tíṣà á bi mí, n ó wolẹ̀, n ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà." Ẹni tó tẹ̀ lé mi á gbà á, á gbá àwa méjèèjì létí. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tí mo ti fọ́ létí rí, á fi gbẹ̀san dáadáa. Mo ń gba ìgbátí lọ́wọ́ àwọn tí kò lè ka ìwé tí mò ń kà. Ẹnu mi wú, n kò lè jẹ ata.

Tíṣà kì í ṣe òmùgọ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ ohun tí mò ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bi mí ní ohun tí ọmọ Sítáńdáàdì Tú mọ̀. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin gbé mi. Ẹni tó bá lọ sílé-ìwé nígbà yẹn mọ ohun tí "ẹ gbé e" túmọ̀ sí: wọ́n á di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ mú, wọ́n á na ọ́ gbọọrọ lófuurufú bí awọ tí wọ́n fẹ́ sá, ẹni tó ni pàṣán á sì bẹ̀rẹ̀. Bí omi iyọ̀ bá kan ibi tó bó, igbe tí ènìyàn ń ké kì í jọ ti ènìyàn. Nígbà tí wọ́n sọ mí kalẹ̀, aṣọ mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Tíṣà ní, "Máa lọ sílé. Sọ fún bàbá rẹ pé mo ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń lọ Ìbà."

Bàámi ń ti ọ̀sà bọ̀ nígbà tí wọ́n pàdé mi lọ́nà. Ìpẹ́ ẹja ṣì wà ní apá wọn. Wọ́n yí mi padà, wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n kọrí sílé-ìwé, èmi náà ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn bí mo ṣe lè rìn mọ.

Tíṣà jáde sí gbàgede. Bàámi ní, "Tíṣà, mo wá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan ni. Bó o bá nà án nítorí pé kò mọ̀ ọ́n, mi ò ní í bá ọ jà. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní o nà án nítorí pé ó mọ ẹni tó jù ú lọ."

"Nílé yín ni àbúrò yín ti jù ú lọ, Bàbá. Níbí, ẹni tó bá gbà á ló jù."

"Ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ìjọba ni."

Bàámi fi àjẹ̀ ọwọ́ wọn lé ọmọ kan lọ́wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ padà wá gbà á. Tíṣà ló kọ́kọ́ nawọ́. Pàṣán rẹ̀ là wọ́n lójú, ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n. Ìgbà tí Bàámi rí i mú, ó dàbí ìgbà tí ènìyàn di ẹja àrọ̀ mú lágbárí: kò sí ibi tó lè lọ mọ́. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n sọ ọ́ mọ́ ebè gbágùúdá oko ilé-ìwé. Wọ́n jókòó lé e láyà, wọ́n ń bu iyanrìn sí i lẹ́nu, wọ́n ń wí pé, "Jẹ ẹ́! Ẹni tó bá gbà á ló jù! Ìwọ náà gbà á!" Gbogbo ilé-ìwé dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń pariwo, ẹnì kankan ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń pariwo fún. Hẹ́dímásítà sáré jáde pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, kò rántí pé òun ń lù ú.

Àwọn tíṣà yòókù ló là wọ́n. Hẹ́dímásítà bẹ Bàámi kí ọ̀rọ̀ má dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n fẹnu kò pé èmi náà á lọ Ìbà, pé kò sì sí ẹni tí yóò tún gbá àbúrò Bàámi létí ní kíláàsì yẹn. Àwọn yòókù ń gbá ara wọn lọ bí ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀ràn ti tán. Mi ò ro ti Bàbá Kékeré.

Nítorí àwọn ọmọ kíláàsì sọ ọ́ dorin. Bí Bàbá Kékeré bá ń kọjá, wọ́n á máa wí pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o! Ẹ̀gbọ́n wọn ń bọ̀!" Ọkùnrin tó fẹ́ lọ ṣe ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti wọn la jọ ń bọ̀ létí omi. Mo wà lẹ́yìn, mo ru ìwé wọn pọ̀ mọ́ tèmi. Wọ́n kàn yí padà ni, wọ́n gbá mi lọ́rùn mú, wọ́n sì ri orí mi sínú omi. Mo mu omi, mo mu ẹrẹ̀. Wọ́n fà mí sókè, wọ́n tún rì mí.

"Láti ọjọ́ kìíní," wọ́n ń wí láàárín eyín, "bó o bá ti sọ pé o ò mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní, ta ni ì bá gbọ́?"

Wọ́n jù mí sórí iyanrìn. Ìwé wa ti tú ká lójú omi. Wọ́n lọ ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn omi kúrò lára wọn. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ Ìbà, má ṣe sún mọ́ mi."

Ọjọ́ Ìbà dé. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín, Tíṣà wà níwájú, ojú rẹ̀ ṣì ní àpá ìjà. Kò mú pàṣán dání. Nígbà tí a dé ilé-ìwé tí wọ́n kó wa jọ sí, ìyàwó àgbà ilé ọkùnrin tó ń fẹ́ mi wà létí ọgbà, ó wá wò mí. Ó fi ojú wọ̀n mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Egungun rẹ̀ kéré. Á kọ́ oko ríro ṣá." Mo wọlé.

Alábẹ̀wò jẹ́ àgbà ọkùnrin tó ń wọ awò ojú, tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí a má bẹ̀rù, pé ẹnikẹ́ni kò ní í nà wá. A wo ara wa. A ka ìwé fún un, a kọ díkítéṣọ̀n, a ṣe ìṣirò orí ìwé. Mo mọ̀ pé mo ṣe dáadáa. Gègé mi ò dúró. Ó wá ku mẹ́ńtà. Ó ní kí á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí á tò bí orúkọ ìdílé wa ṣe tẹ̀ léra nínú ìwé rẹ̀.

Orúkọ ìdílé kan náà ni èmi àti Bàbá Kékeré ń jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo bọ́ sí.

Alábẹ̀wò wo Bàbá Kékeré, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bóyá ó rí apá wọn, tó mọ ibi tí wọ́n ti wá. "Apẹja mẹ́jọ jọ pa ẹja méjìléláàádọ́rin. Wọ́n pín in dọ́gba. Mélòó ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan?"

Ojú Bàbá Kékeré là. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tí ojú wọn là nínú mẹ́ńtà. "Mẹ́jọ, sà!"

Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú mẹ́jọ. L'Ọ̀jọ́ wa, bí àwọn mẹ́jọ bá jọ lọ sí ọ̀sà, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pín ẹja sí, nítorí ọkọ̀ náà ní ìpín tirẹ̀. Kò sí apẹja tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pín ẹja láìyọ ti ọkọ̀, olè ni.

Alábẹ̀wò mi orí. "Rárá."

"Sà, ti ọkọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ọkọ̀ nínú ìbéèrè mi." Ó fàlà sínú ìwé rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Mẹ́sàn-án, sà," ni mo wí.

"Ó dára."

Ọ̀rọ̀ "ó dára" yẹn ni. Etí mi gbọ́ ọ, ọwọ́ mi sì dìde. N kò rán an. Ọwọ́ tí wọ́n ti kọ́ láràárọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí wọ́n ti fi pàṣán kọ́, kò dúró bi mí léèrè. Mo yí padà, mo sì fi gbogbo agbára fọ́ Bàbá Kékeré létí, níwájú Ọ̀jọ́, níwájú Ìbà, níwájú Òkókómáíkò. Ó dún bí ìgbà tí imọ̀ ọ̀pẹ já lulẹ̀.

Gègé bọ́ lọ́wọ́ alábẹ̀wò. "Kí ló dé? Kí lọkùnrin yìí ṣe fún ọ?"

Tíṣà wa ló sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà. "Sà, ẹ dárí jì wá. Ọmọ burúkú ni. Ìjà ni wọ́n ń jà nílé wọn. Bàbá rẹ̀ lu èmi náà, ẹ wo ojú mi."

Alábẹ̀wò wo ojú rẹ̀. Ó mú gègé rẹ̀ nílẹ̀, ó wá orúkọ mi nínú ìwé. "Ẹni tó bá jà nínú ìdánwò," ó wí, "ìdánwò rẹ̀ parí." Mo rí ẹnu gègé náà tó ń lọ síbi orúkọ mi. Mo rí obìnrin tó wà létí ọgbà, tó ti na ọrùn wọ inú fèrèsé.

Ó wá bi Bàbá Kékeré: "Ṣé ọ̀tá rẹ ni?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti pọ́n. Wọ́n wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ etí omi. "Ọmọ mi ni, sà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ Ìbà ń fọwọ́ lu tábìlì. Alábẹ̀wò ò rẹ́rìn-ín. Ó wò wá, ó wo Tíṣà, ó di gègé mú láì kọ nǹkan kan. Ó kàn bi ọmọ tó tẹ̀ lé mi ní ìbéèrè mìíràn. Ọmọ náà kò gbà á. Ó bi ẹni tó tún tẹ̀ lé e. Ìyẹn gbà á.

"Ó dára," ni alábẹ̀wò wí.

Ọwọ́ ọmọ náà dìde. Ó dé agbede-méjì kó tó rántí ibi tó wà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbà á ti dijú, ó ti na ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró.

Alábẹ̀wò bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi ń nù ún. Ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ dúró níta." Ohùn rẹ̀ ò rọ̀ mọ́. Kò fàlà sí orúkọ mi.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ pé wọ́n lé Tíṣà. Wọn ò lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, agolo omi iyọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí a délé, Bàámi ti gbọ́. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, "Èsì ló máa sọ," wọ́n sì kẹ́yìn sí mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi dúró de èsì, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, Bàbá Kékeré náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára odó.

Èsì dé. Mo yege. Bàbá Kékeré ò yege. Mẹ́ńtà ló fà wọ́n sẹ́yìn.

Bàámi wá há sáàárín ọ̀rọ̀ ara wọn. Wọ́n ti sọ níwájú ilé pé bí mo bá gba sátífíkéètì, Abẹ́òkúta ni. Wọ́n sì ti sọ níwájú ilé kan náà pé bí ọwọ́ mi bá tún kan ojú àbúrò wọn, Ìbà ni. Àwọn ará Ìbà sì ti wá jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ìyàwó àgbà náà wà láàárín wọn, wọ́n ní àwọn wá gba èyí tó jẹ́ tàwọn. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú.

Bàámi fọwọ́ ra ojú. Wọ́n pe àbúrò wọn, tó ń bọ̀ láti etí omi pẹ̀lú àwọ̀n léjìká.

"Ojú rẹ ni wọ́n gbá. Ìwọ ni kó o sọ ibi tó máa lọ."

Bàbá Kékeré ò sọ àwọ̀n kalẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀ sẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n wo àwọn ará Ìbà. Wọ́n wá wò mí, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo sì rí i lójú wọn pé omi ibi tí wọ́n rì mí sí ṣì wà níbẹ̀.

"Ìbà ti sún mọ́ wa jù," wọ́n wí. "Mò ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kó lọ Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kó jìnnà. Bó bá wà níbi tí ojú mi á ti máa rí i, ọjọ́ kan ni n ó lù ú pa."

Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ gbá òpó ilé, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀jẹ̀ jáde lójú ìka wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé, wọ́n lọ sá àwọ̀n.

Àwọn ará Ìbà dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn.

Bàámi ní, "Lọ di ẹrù rẹ."

Ìyá mi ti ń dì í.